Efínrín Ẹnu Ọ̀nà Màmá Délé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Alápẹ̀rẹ̀ lẹ ní kí n jókòó kọ bí iṣẹ́ ayé mi ṣe lọ, kí ẹ lè fi wo èyí tí ẹ máa mú nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Iṣẹ́ ọgbà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ọgbà iwájú ilé ni mò ń sọ o, kì í ṣe oko. Mo ti gbin òdòdó síwájú ilé olówó, mo sì ti gé koríko fún àwọn tí kò lówó tí wọ́n kàn fẹ́ kí ará àdúgbò rò pé àwọn ní in. Èmi fúnra mi ò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní. N kò ní parọ́ fún yín: iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àdáṣe ni. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kò lè panu mọ́ láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀.

Láti abúlé wa lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni àbúrò bàbá mi ti mú mi wá sí Kétu, tó fà mí lé Ọ̀gá Jóòbù lọ́wọ́. Ọ̀gá Jóòbù ní ibi tó ti ń hu òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń tọ́jú ọgbà káàkiri Kétu àti Ìkòsì. Ti owó iṣẹ́, n kò ní fi da yín láàmú: ó tó jẹun, kò tó kọ́lé.

Ọ̀gá mi le. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í mú ọkọ́ níbẹ̀rẹ̀. Omi ni yóò máa pọn, koríko ni yóò máa fọwọ́ tu. Àṣẹ kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ tuntun títí òjò á fi rọ̀ sórí ilẹ̀ náà lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a lọ síbi iṣẹ́ tuntun, òjò ṣú, gbogbo èèyàn ń sá wọlé, òun tì mí síta.

"Dúró síbẹ̀," ó ní. "Máa wò ó."

Nígbà tí òjò dá, mo ń gbọ̀n. Ó bi mí pé, "Kí lo rí?"

"Ọ̀gá, mo rí òjò."

Ó fi ẹ̀yìn àdá gbá mi nídìí. "Òjò ni gbogbo ayé ń rí. Ibo lomi ti wá? Ibo ló gbà? Ibo ló jókòó sí? Ìgbà tó o bá mọ̀ ọ́n, wá gba ọkọ́."

Ẹ ó ní ìyà nìyẹn. Ìyà ni lóòótọ́, mo sì bú u nínú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Títí di òní, bí òjò bá ń rọ̀, ojú mi ò sí lókè, ilẹ̀ ló ń wò.

Ó tún ní òfin kejì. Bí ẹni tó ń kọjá bá ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," a gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ sílẹ̀, ká nàró, ká tó dáhùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé iṣẹ́ ò ní dúró báyìí. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo wà nínú ọgbà láti àárọ̀. Ẹni tó kí ọ ti bá ọ gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ṣé o ò ní wojú ẹni tó bá ọ gbẹ́rù ni?" Nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò níṣẹ́ ṣe ni.

Àdá, ọkọ́ àti àlùmọ́gàjí ńlá la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀gá mi kú tí mo dá dúró, ẹ̀rọ agékoríko dé, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Èmi náà ra tèmi. Ó yá lọ́wọ́: iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan di iṣẹ́ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kọjá sísọ! Èèyàn á kọjá, màá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, n ò ní gbọ́ nǹkan kan. Kí n tó pa ẹ̀rọ, ó ti lọ. Nígbà tó yá, wọn ò kí mi mọ́. Àwọn onílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògiri sókè, wọ́n ń fi gééètì irin sí i, tó fi di pé èmi àti ewéko nìkan la kù nínú ọgbà. Nílé náà, bákan náà ni. Ìyàwó mi lọ sí Pọtakọ́ọ̀tù nígbà tí ọmọ wa obìnrin bímọ, ó ní òun ò ní pẹ́. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ìyá àgbà ò tíì dé. A ò jà o. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò rẹ̀ ni.

Àsìkò tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù alágbèéká kọ́rùn bí ẹ̀gbà ni Délé pè mí. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ilé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kí n wá wò ní Ìkòsì. Aránṣọ ni Màmá Délé nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Láyé ọjọ́sí, ògiri iwájú ilé wọn kò ga ju ìbàdí lọ. Orí àga ní fàráǹdà ni Màmá máa ń wà, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá lọ sọ́jà tí kò ní kí i. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ kó owó jọ, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn ilé kí wọ́n lè máa fi owó ayálégbé tọ́jú rẹ̀. Nǹkan tó dáa ni. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni típà ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ti ń po símẹ́ńtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ páànù wọn. Wọ́n wá mọ ògiri sókè, wọ́n fi gééètì sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ilẹ̀ iwájú ilé le bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Màmá wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí mo wọlé, ó kọjú sí ògiri.

"Màmá, ẹ káàsán o."

"Káàsán, Bàbá." Ó wò mí títí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kí mi."

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Láti àárọ̀, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa kí mi."

Délé wà níbẹ̀, ó rò pé ìyá òun ń ṣàwàdà ni. Ó nawọ́ sí àwọn igi òdòdó gbígbẹ tó wà nílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ rí i? Àwọn kan ti wá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ ló kú. I'm tired, sir. Tí tiyín náà bá kú, ìntálọ́ọ̀kì ni màá fi bo gbogbo ẹ̀. Àwọn tenants gan-an ń wá ibi tí wọ́n máa páàkì sí."

"Tó o bá fi òkúta bo gbogbo rẹ̀," Màmá sọ, "kúkú bo èmi náà mọ́ ọn."

Nígbà tí Délé wọlé lọ gba fóònù, Màmá fà mí mọ́ra. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́gbà, kì í ṣe òdòdó ni mo fẹ́. Ẹ bá mi wá bí èèyàn á ṣe tún máa kí mi." Mo ti gba iṣẹ́ lóríṣiríṣi, ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ mí nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ilẹ̀ yẹn bá di ìntálọ́ọ̀kì, ọkọ̀ ayálégbé ni yóò máa wo Màmá lójú títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Mo sọ fún Délé pé n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí òjò á fi rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀lẹ ni mò ń ṣe.

Máìlì Twelve ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò náà ṣú. Mo fò mọ́ ọ̀kadà, mo forí lé Ìkòsì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo dúró sí àárín ọgbà. Màmá ń pariwo láti fàráǹdà pé, "Bàbá Ọlọ́gbà, ẹ wọlé o! Ṣé ẹ fẹ́ gba òtútù ni?"

"Màmá, omi ni mò ń wò!"

Mo sì rí i. Láti orí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun lomi ti ń ya wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó kó sínú ipa táyà tí típà fi sílẹ̀, ipa táyà náà sì darí rẹ̀ tààrà sí ilẹ̀kùn pálọ̀ Màmá. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, omi ti wọlé. A gbé kápẹ́ẹ̀tì, a fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi, apá wa ò ká a. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí Màmá fi ṣiṣẹ́ tọ́mọ wà nínú omi, a ò lágbára láti gbé e. Nígbà tí Délé ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá èmi àti ìyá rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, a gbẹ́sẹ̀ sókè kúrò nínú omi, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ pé ó máa wọlé ni?"

"Rárá o. Òjò ló mọ̀ ọ́n. Ká ní ìntálọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀, kò ní sí ibi tó máa mu díẹ̀ nínú rẹ̀ rárá."

Láti ọjọ́ náà, Délé gba ọ̀rọ̀ ọgbà náà kanrí. Ó lọ sí káfè, ó tẹ ìwé jáde, ó wá ń kà á fún wa ní fàráǹdà. Ó ní àwọn òyìnbó ń pè é ní pámákọ́ṣọ̀: kí ilẹ̀, omi àti ewéko máa ran ara wọn lọ́wọ́, kí a má da ohunkóhun nù. Ohun tí n kò mọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ń lò lójoojúmọ́, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé lójoojúmọ́ ni kí ó gbìn ín sí. Èmi, ibi tó bá ti máa rẹwà lójú ẹni tó dúró níta ni mo máa ń gbin nǹkan sí tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Mo fi díígà fọ́ símẹ́ńtì tó bo ilẹ̀. A ò kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dànù, òun la tò ṣe etí ẹbè. Pákó tí àwọn bíríkìlà gbàgbé ni ugú gùn. Mo gbẹ́ kòtò tóóró tó tẹ̀ yí iwájú ilé ká, kí omi òrùlé lè dúró síbẹ̀ kó máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibi tí omi balùwẹ̀ ń jáde sí. Láti ọjà Máìlì Twelve ni mo ti ń fi ọmọlanke gbé tòmátì jíjẹrà, ewé kábéèjì àti koríko gbígbẹ inú apẹ̀rẹ̀, tí mò ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kíkú náà. Ó rùn o! Àwọn ayálégbé òkè ń dímú, wọ́n ń ráhùn láti ojú fèrèsé. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó máa rùn. Ó kéré tán, wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀." Kò pẹ́ tí tòmátì fi ń hù fúnra rẹ̀ níbi gbogbo, ata ń hù, a ò gbìn wọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìkíni. Ògiri ò ṣeé wó. Délé ní nítorí olè ni, n kò sì lè bá a jiyàn. Mo rò ó títí. Ìgbà tí mo rántí pé a kì í já ewé onílé láìtọrọ ni ara mi balẹ̀. Ẹni tí inú bá ń run ọmọ rẹ̀, tó fẹ́ já efínrín, á kanlẹ̀kùn, á kí onílé. Onílé á béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, á ní kó já a, á fi àdúrà kún un. Lọ́jọ́ kejì, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá kí i kú oore àná. Ẹ̀ka ewé kan, ìkíni méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbin efínrín sẹ́yìn gééètì gan-an, kí òórùn rẹ̀ lè máa jáde sí títì, mo fi ewúro àti ewé tíì sí i.

Wọ́n sì wá. Ìyá ọmọ kan ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà aláta kan, lẹ́yìn náà àwọn tó kàn fẹ́ fi sínú ọbẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè láti àárọ̀. Bí mo bá lọ tún ọgbà ṣe ní ọjọ́ Sátidé, òun ni yóò máa ròyìn fún mi: ọmọ ta ló ń ṣu, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìṣẹ́rì. Ẹ̀wà ló máa ń sè dè mí, kò sì sí ọgbà mìíràn tí wọ́n ti ń sè dè mí.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo bá a láìwégèlè. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́gbà, ṣé wọn ò ṣàìsàn mọ́ ní Ìkòsì ni?"

Mo lọ wo efínrín. Wọ́n ti já a dáadáa, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n já a. Mo bi Sání, mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé náà.

"Na Oga o, Baba," ó ní. "Oga say Mama BP dey high, make people no dey disturb am. So I dey cut am put for nylon. Anybody wey knock, I go give am for small door."

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ó ránṣẹ́ sí Délé, ó sì ní kí n wà níbẹ̀ bó bá dé. Délé dé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn.

"Délé, ta ló ní kí wọ́n máa fi ewé mi sínú nylon?"

"Mummy, èmi ni. Doctor ní kẹ́ ẹ máa sinmi, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tótó ó ṣe bí òwe o: à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀."

"Wà á pa òmíràn." Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Òròmọdìẹ tí wọn ò jẹ́ kó lọ ààtàn, tí kò sí lẹ́nu àṣá, kí ni yóò pa á? Ṣé kì í ṣe ebi ni?"

Délé fẹ́ fèsì, Màmá nawọ́ dá a dúró.

"Èèyàn laṣọ, Délé. O bọ́ mi síhòòhò, o ní kí n sinmi. Wọ́n ń gbé ewé mi lọ, wọn ò sì mọ̀ bóyá mo wà láyé."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. "Ẹ má bínú, Mummy. I didn't know. Mo rò pé mò ń tọ́jú yín ni." Ó yíjú sí mi. "Bàbá, báwo la ṣe máa ṣe é báyìí?"

Mo rán an létí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kà fún wa. Lọ́jọ́ náà gan-an la hú efínrín náà tòun ti erùpẹ̀, a gbé e wá sétí fàráǹdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àga Màmá. Délé ló bomi rin ín. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ já a gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gbádùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Mo ta ẹ̀rọ agékoríko, mo padà sí àdá, kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn. Màmá gbé àga kejì síta, ó ní tèmi ni. Bí mo bá parí iṣẹ́, a ó jókòó, kò dìgbà tí a bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi nípa ẹni tó ń báni gbẹ́rù ti yé mi.

Màmá sùn, kò jí. Nígbà ìsìnkú, àwọn tó ti já ewé rí kún ojú títì. Mo dúró sẹ́yìn pátápátá. Èmi kì í ṣe ẹbí, èmi kì í ṣe ayálégbé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ó dùn mí gan-an. Délé kó lọ sí òkè òkun lẹ́yìn náà, ilé náà di ti ayálégbé látòkèdélẹ̀. Orúnkún mi náà ní ó tó, mo gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ sí Ìkòsì. Mo kan gééètì. Mẹ́gáàdì tuntun ló dáhùn láti inú.

"Wetin you want, Baba?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já efínrín díẹ̀."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ tó bọ̀. Ilẹ̀kùn kékeré ṣí, ọwọ́ kan na nylon sí mi. "Take, Baba. Sorry o." Ilẹ̀kùn padé. Mo ń rí orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lókè ògiri, ó ti so. Mo fẹ́ béèrè bóyá àga méjèèjì ṣì wà ní fàráǹdà, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Inú ò run mí tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ ohun tí màá fi ewé náà ṣe.

Mo gbé e wálé. Mo yọ èyí tó ní igi nínú rẹ̀, mo rì í sínú ike ọ̀dà tó kún fún erùpẹ̀, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àga. Ó ti ta ewé báyìí, òórùn rẹ̀ ń dé títì. Mo ti ra àga kejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n kọ ìtàn yìí, ojú ọ̀nà wa lẹ máa ń gbà kọjá lọ sí ìpàdé yín, ohùn yín ni mo fi ń mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọgbà, ẹ yà wá. Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ yà náà, kí ẹ ní ẹ wá já efínrín. N kò ní béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.